Owó Omi Tí Mo Lọ Yá ní Dallas

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí bí ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bi mí nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ẹnì kan tilẹ̀ bi mí nígbà tí mo ń fọ eyín lọ́wọ́. Mo ti dáhùn títí ó fi sú mi. Bí mo bá sì ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dùn gan-an, ẹ ó dá mi dúró, ẹ ó ní, "Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni pé ajá ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìyókù. Mo ti mú bírò, mo ti ti ilẹ̀kùn, ẹ kà á kí ẹnu mi lè sinmi.

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi

Ẹ mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún un sọ nítorí àwọn ọmọ tí yóò kà á lẹ́yìn wa. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà, onígbáméjì gba inú omi odò wọ ìlú wa. Ó pa Ṣadé, ọmọ-ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ tó máa ń bá mi ka ìwé ìròyìn nítorí pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo sunkún rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ìgbìmọ̀ omi wá jókòó. Olóṣèlú kan ti ní òun yóò gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wa, bí a bá gbà kí wọ́n ya àwòrán òun sára táǹkì rẹ̀. Irú kànga bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti fi ta wá lọ́rẹ rí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti bàjẹ́, nítorí kò sẹ́ni tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa bojú tó wọn.

Èmi ni mo dìde lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ̀ pé mi ò lè dìde kí n má kọ́ni. Mo sọ fún wọn bí àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí láyé Ọbabìnrin Fikitóríà: èéfín ilé iṣẹ́, odò tó dọ̀tí, onígbáméjì tó ń pa wọ́n bó ṣe ń pa wá. Àwọn aláṣẹ ìlú wọ̀nyẹn ò ní owó tó tó lọ́wọ́, wọn ò sì dúró de ọlọ́rẹ. Wọ́n yáwó lọ́wọ́ ẹni tó bá ní díẹ̀ nípamọ́, ì báà ṣe opó, ì báà ṣe àlùfáà tàbí oníṣòwò. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n fi owó náà ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà fún omi ẹ̀gbin. Lẹ́yìn náà, owó tí àwọn ilé inú ìlú ń san ni wọ́n fi ń dá a padà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú èlé, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Alága rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ta ni yóò yá irú ìlú báyìí lówó?"

Mo ní, "Àwọn ọmọ wa tó wà ní Dallas."

Wọ́n ní ó dáa, kí n lọ, níwọ̀n ìgbà tí àbúrò mi ti ní òun yóò san owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà wá lọ́wọ́ òfo, àwọn yóò gba kànga olóṣèlú, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ohun tí mo gbé lé àyà sọdá òkun nìyẹn.

Ojú ọ̀run

Mi ò ní fi ìwé àṣẹ àti ìlà gígùn dà yín láàmú. Ohun tí mo rántí ni pé nígbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfurufú Dallas ní ìyálẹ̀ta, ojú ọ̀run bà mí lẹ́rù. Kò sí òkè kankan tó dí i. Àwa tí a dàgbà láàárín àpáta, bí ojú wa bá rìn díẹ̀ á ríbi fara tì. Níbẹ̀, ojú mi ń lọ, ó ń lọ, kò rí nǹkan kan dì mú. Òòrùn funfun bá gbogbo ilẹ̀ dọ́gba, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Kọ́lá, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló ti pàdé mi nínú pápákọ̀ kí a tó jáde. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀, ó ti pẹ́ gan-an, ó ti sanra, orí rẹ̀ sì ti pá. Ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ dídán níwájú gbogbo èèyàn. Obìnrin òyìnbó kan sáré wá, ó fẹ́ gbé e dìde, ó ń béèrè bóyá kí àwọn pe dókítà. Kọ́lá ní kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n òun lòun ń kí. Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó rí ayaba, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ tìwàrìwàrì. Mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀.

Àwọn ọ̀nà ńlá gun orí ara wọn níbẹ̀. Mọ́tò wa ń gòkè, ó ń yípo, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn mọ́tò mìíràn ń ṣàn lókè orí wa, kò sí ẹni tó fọn fèrè. Mo rò pé mo jí, ṣùgbọ́n oorun ti gbé mi. Nígbà tí mo la ojú, a ti dé Cedar Hill, ilé Kọ́lá wà níwájú mi pẹ̀lú koríko tó mọ́lẹ̀ rekete, kò sì sí ènìyàn kan ṣoṣo ní gbogbo àdúgbò. Mo bi í bóyá wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ó ní iṣẹ́ ni gbogbo wọn lọ.

Bùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, Àǹtí. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Tomi, ọmọbìnrin wọn, kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan gún lẹ́sẹ̀, ó ní, "Welcome, Auntie. How was your flight?" Mo fi Yorùbá dá a lóhùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì tún fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sì sí ìjà kankan láàárín wa.

Wọ́n gbé omi fún mi. Yìnyín ló kún inú ife náà, omi inú rẹ̀ kò ju èyí tí èèyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan lọ. Mo dìde, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi ní ilé ìdáná, mo ṣí i, mo sì dúró. Ó ń dà, ó ń dà, ó mọ́, kò dúró, kò sí ẹni tó wò ó. Mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ rẹ̀ títí Kọ́lá fi wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Ọ̀rọ̀ Ṣadé ló wà lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ àlejò ṣíṣe.

Ìrìn ọ̀sán

Nígbà tí wọ́n bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń rìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ àfi ẹni tí ajá ń fà. Lọ́jọ́ kìíní, mọ́tò mẹ́ta ló dúró láti béèrè bóyá mo sọnù. Ẹnì kan fún mi ní omi inú ike. Wọ́n láàánú, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kíkí wọn yà mí lẹ́nu: wọn á ní báwo ni, wọn á sì kọjá kí èèyàn tó la ẹnu. Mo ti ń múra láti sọ bí mo ṣe jí, bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí, àti bí ará ilé ṣe wà, ẹni náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó mọ̀ pé wọn ò fẹ́ gbọ́.

Adágún omi ńlá kan kò jìnnà síbẹ̀. Kọ́lá máa ń gbé mi lọ síbẹ̀ ní Satidé. Bàbá àgbà òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìwọ̀ pẹja, ó dìde kúrò lórí àga rẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Mo dúpẹ́, mo jókòó. Mo ní Ọlọ́run mà ṣe omi yìí dáadáa o. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó dáhùn, Kọ́lá sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi nítorí pé mi ò gbọ́ ohùn imú rẹ̀ dáadáa: ènìyàn ló ṣe é. Wọ́n fi ìsédò dí odò ni, omi sì bo ilẹ̀ gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú adágún tó yí àwọn ká ṣe rí.

Mo jókòó sórí àga bàbá yẹn, atẹ́gùn ń fẹ́, oorun sì tún kùn mí. Mo rí ara mi tí mo ń rìn lábẹ́ omi láàárín igi àti ọgbà, àwọn ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ tò sílẹ̀ pẹ̀lú garawa lórí, kò sẹ́ni tó yára, aṣọ wọn sì ń léfòó. Nígbà tí mo jí, bàbá náà ti fi fìlà rẹ̀ bo ojú mi nítorí òòrùn.

Bí a ṣe ń padà lọ, mo rí pákó kéékèèké tí wọ́n rì sórí koríko iwájú ilé àwọn èèyàn. Mo bi Kọ́lá kí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ election ni, Àǹtí. City fẹ́ borrow owó láti tún road àti drainage ṣe, wọ́n dẹ̀ gbọ́dọ̀ bi wá kí wọ́n tó borrow ẹ̀. Bond ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó bá ra bond yẹn ló yá city lówó, taxes wa ni wọ́n á fi máa san án padà."

Mo pariwo nínú mọ́tò. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti inú ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń fi í sùn, òun rèé lójú ọ̀nà, òun rèé lábẹ́ táyà wa! Kọ́lá ní, "Àǹtí, ẹ rọra, mo ń drive." Ṣùgbọ́n inú mi ti dùn kọjá ibi tí mo ti lè rọra. Mo fi dá a lójú pé bí àwọn ọmọ wa bá ti ń gbé nínú irú nǹkan yìí, ọ̀rọ̀ mi ò ní pẹ́ yé wọn.

Apẹ̀rẹ̀

Lọ́jọ́ Sunday kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pé jọ sí gbọ̀ngàn kékeré kan nínú ọgbà àwọn ilé àyágbé ní Lake Highlands. Àwọn ọmọ ìlú wa ni gbogbo wọn, nọ́ọ̀sì, oníkọ̀ǹpútà, apòògùn. Wọ́n gbé àkàrà wá, wọ́n gbé ẹran màlúù tí wọ́n fi èéfín sè láti àná, ẹran tó rọ̀ débi pé mi ò lo eyín. Pásítọ̀ gbàdúrà, ọmọ ìlú wa lòun náà. Wọ́n wá ní kí n sọ̀rọ̀.

Mo sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi. Mo sọ ti Ṣadé. Mo sọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì sọ ti pákó orí koríko. Mo ní, "Mi ò wá gba ẹ̀bùn. Ẹ yá ìlú yín lówó. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa san owó omi lóṣooṣù, inú rẹ̀ la ó ti máa dá tiyín padà pẹ̀lú èlé díẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan nu ojú rẹ̀. Pásítọ̀ dìde, ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá. Ẹ jẹ́ ká bù kún ìlú wa!" Ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ń jó bọ̀ pẹ̀lú àpò lẹ́tà lọ́wọ́. Obìnrin tó kọ́kọ́ dé iwájú kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ gbà. Ẹ má wulẹ̀ ronú àtidá a padà. God will repay me." Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e ní, "Ṣé èmi ni n ó máa gba owó lọ́wọ́ ìlú bàbá mi? Ó tì o! Kí ni àwọn èèyàn á sọ?" Ẹnì kẹta ní bí a bá fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí òun, òun á bínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wí, pẹ̀lú ìfẹ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín, apẹ̀rẹ̀ sì ń kún.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní gbé páìpù dé ìdajì ọ̀nà. Mo sì mọ̀ pé lójú wọn, wọ́n ti ṣe tiwọn, ó ti parí, kò sí ẹni tí yóò béèrè mọ́ bóyá omi dé tàbí kò dé. Kànga kẹrin ni. Mo lè gbà á o. Ǹ bá gbé e wálé, ẹ ó sì pàdé mi ní gáréèjì pẹ̀lú orin. Ọkàn mi fà sí i, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo ń mú àpò lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ka orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń dá a padà fún onínǹkan. Mo ní, "Ẹ má bínú. Bí ẹ ò bá ní gbà á padà, èmi náà ò lè gbà á."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí láàárín wa kí àgbàlagbà kọ ẹ̀bùn lójú gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tó bú mi. Wọ́n kàn ń kó abọ́ wọn, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n ń lọ. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Nínú mọ́tò, Kọ́lá ní, "Àǹtí, ẹ ti dójú tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú àwọn èèyàn yìí ní church?"



Ilé dákẹ́

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kọ́lá fi ń kí mi láìwo ojú mi. Bùsọ́lá ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń fi ata kún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́, ó sì rọra sọ fún mi pé, "Àǹtí, wọ́n ń sọ ọ́ lórí phone pé owó kékeré ni ẹ rí tẹ́ ẹ fi dá a padà. Wọ́n ní ìgbéraga ni." Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ mi, mo sì sunkún. Mo ń bi ara mi pé ta ni mí? Tíṣà arúgbó tó ka ìwé kan, tó sì fẹ́ fi ìwé náà pa ìlú. Ká ní mo gba àpò lẹ́tà wọ̀nyẹn, ó kéré tán, à bá rí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kànga olóṣèlú. Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn.

Owó bíríkì

Lọ́jọ́ Wednesday, ní ọ̀sán gangan, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Ọkùnrin gíga kan ló dúró síta pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ń dán yanran lára. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán mà, Tíṣà. Ọládélé ni. Délé tó máa ń sùn ní kíláàsì yín."

Mo ní, "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lo máa ń jókòó sí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé mi jáde. Ẹrù ló ń kó sínú ọkọ̀ òfurufú, òun pẹ̀lú ẹni méjì ló jọ ń gbé yàrá ní apá Grapevine. Ó gbé mi lọ sétí adágún kan níbẹ̀, ó ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún fún wa, a sì jókòó sábẹ́ igi. Àwọn ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lókè wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ́ra, wọ́n funfun, òjìji wọn ń rìn lórí omi. Délé mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ó dárúkọ ìlú wọn fún mi títí oúnjẹ wa fi tutù.

Ó wá ní, "Tíṣà, mo wà ní meeting yẹn. Nígbà tí basket ń bọ̀ ní ìlà tiwa, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba phone, mo jáde. Paycheck mi ti pín kó tó wọlé mà. Rent, gas, school fees àbúrò mi, owó oúnjẹ Màámi. Mi ò ní èyí tí mo lè fi tọrẹ."

"Èmi ò ní kí o tọrẹ."

"Ohun tí mo wá sọ nìyẹn mà." Ó ká bébà ẹja náà. "Mo ní owó bíríkì kan nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó o jọ láti kọ́lé fún Màámi nílé. Tí mo bá fún yín, Màámi ò ní nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí mo rà ṣì wà ní kóòtù, mi ò lè kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo lè yá yín. Náírà ni n ó yá yín, náírà náà ni n ó gbà, ní bank mi nílé. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà o. Ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ojú ń tì í débi pé kò lè wò mí. Èmi sì rèé, omijé ti bo ojú mi, mo ń rẹ́rìn-ín, mo di ọwọ́ ọlọ́ràá rẹ̀ mú. Láti ìgbà tí mo ti gbéra nílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ti ń wá, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ fún mi.

Délé ní àwọn bíi tòun pọ̀. Wọn kì í wá sí ìpàdé ìlú nítorí pé wọ́n ti mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ máa yípo. Nígbà tó di Satidé, ó kó wọn wá sídìí tábìlì onígi létí omi náà: àwọn tó ń wẹ arúgbó, àwọn tó ń fọ ilé iṣẹ́, àwọn tó ń wa èèyàn káàkiri. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n fi ìbéèrè dè mí mọ́lẹ̀! Ta ni yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ lọ́wọ́? Bí ilé kan ò bá san ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ta ni a ó pè, ọjọ́ mélòó ni yóò sì gbà? Àwọn ọlọ́rẹ ọjọ́ Sunday kò bi mí ní ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí. Obìnrin kan, Bísí, tó ń tọ́jú ìyá òyìnbó aláìsàn kan, ní òun fẹ́ máa rí àwòrán páìpù lóṣooṣù lórí fóònù òun. Mo ní ó dáa. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Òòrùn ń yọ́ lọ sínú adágún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń sọ iye tí òun lè yá wa fún ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí pé owó ìpamọ́ ni, kì í ṣe owó ẹ̀bùn, nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbé páìpù dé ìlú.

Kọ́lá ló gbẹ̀yìn. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ orúkọ mi." Mo wò ó. Ó ní, "Ẹ sì máa dá tèmi náà padà. Mi ò ní pè é ní ẹ̀bùn."

Ilé

Ìyókù ṣẹlẹ̀ lójú yín. Ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ ri páìpù, omi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ọjà, ó dé àdúgbò Ṣadé. Oṣù kìíní, gbogbo yín sanwó. Oṣù kejì, ìdajì yín san. Oṣù kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ pé, "Ọmọ wa ni wọ́n. Ṣé wọ́n á wá mú wa ni?" Ẹ kò mọ bí inú mi ṣe bàjẹ́ tó. Mo kó ìwé rìsíìtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, mo sì kọ́kọ́ lọ sílé Ìyá Délé, nítorí pé òun ló ń sọ ọ́ kíkan jù.

Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. "Tíṣà, ọmọ mi wà lára àwọn tó gbé omi yìí wá. Kí ni èmi tún ń sanwó fún?"

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ìyá Délé, owó tí ẹ bá san, ọ̀dọ̀ Délé náà ló ń lọ."

"Délé tèmi?"

"Délé tiyín. Owó tó fẹ́ fi kọ́lé fún yín ló yá wa. Inú owó omi la ti ń dá a padà sí báǹkì rẹ̀ níbí, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù."

Kò ṣa ẹ̀wà mọ́. Ó ní, "Láti ọjọ́ tó ti lọ, òun ló ń fi owó ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá ní kí n fi gààrí ránṣẹ́ sí i, á ní, Màámi, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mi ò tíì fún ọmọ náà ní nǹkan kan láti ìgbà tó ti lọ."

Ó dìde, ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti wé gèlè. Ó na owó oṣù méjì tó jẹ sí mi, ó ti fi ọwọ́ tẹ́ wọn, wọ́n sì gún régé.

"Ṣé á mọ̀ pé èmi ni mo san án?"

Mo ní orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé.

"Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ó tún mú owó kan jáde láti ìdí ìró rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi èyí kún un, kó fi jẹun." Mo ní kò ṣeé ṣe, iye owó omi ni iye owó omi, mi ò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di owó náà mú, ó wò ó, ó wò mí.

Ó ní, "Oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ gba tìyẹn."

Mo gbà á.